Ààrò Inú Ilé àti Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ Di Àdògán Ọlọ́nà-Èéfín Láìsí Ewu

Ní gbogbo ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaró títí dé Ayétòrò, àti láti Ìmẹ̀kọ títí dé Ọjà-Ọ̀dàn, ilé tí kò ní ààrò ṣọ̀wọ́n. Ìbáà ṣe òkúta mẹ́ta tí a tò sí ilẹ̀, ìbáà ṣe amọ̀ olórí mẹ́ta tí a mọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, orí rẹ̀ ni a ti ń se ọbẹ̀, orí rẹ̀ ni a ti ń ro ọkà, èéfín rẹ̀ ni ó sì ń pa àgbàdo tí ó wà ní àjà mọ́ kúrò lọ́wọ́ kòkòrò. Àwọn àgbà a máa wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ wọn, nítorí kò sí ohun ìdáná tí ó dúró gbọn-in ju òkúta mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í da ọbẹ̀ nù lè ba ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn jẹ́, ó sì lè jó ilé. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún bàálé àti ìyá ilé tí ó fẹ́ yí ààrò tí ó ti wà nínú ilé ìdáná rẹ̀ padà di àdògán tí ó bo iná mọ́ inú, tí ó sì ní ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde sí òde. Iṣẹ́ náà kò gba owó púpọ̀. Síbẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ bá fi wàràwàrà ṣe é, ewu rẹ̀ lè ju ti òkúta mẹ́ta lọ.

Kí ni èéfín? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé níbi tí igi bá ti ń jó, dandan ni kí èéfín rú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bá mú igi, ooru a kọ́kọ́ lé omi inú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn èyí a lé irú afẹ́fẹ́ kan tí ó lè jó jáde láti inú igi náà. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń di ọwọ́ iná tí ojú ń rí. Kí ó tó lè jó tán, ohun méjì ni ó ń fẹ́: ooru tí ó pọ̀, àti afẹ́fẹ́ tí ó tó láti òde wá. Lórí òkúta mẹ́ta, atẹ́gùn ń gba ìhà gbogbo wọlé, ó ń mú iná tutù, ó sì ń gbé ooru lọ. Nítorí náà apá kan nínú afẹ́fẹ́ igi náà a sá lọ láìjó. Èyí tí ó sá lọ láìjó ni èéfín. Obìnrin tí ó ru ìdì igi láti oko wálé, tí ó sì rí i tí ó di èéfín mọ́ ọn lójú, ẹrù tí ó rù ni kò jẹ èrè rẹ̀.

Àdánù igi nìkan kọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé, àti pé àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn lé ní 237,000. Òtútù àyà ni ó ń pa àwọn ọmọdé. Àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń pa àwọn àgbà. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná ń mí èéfín kan náà tí ìyá ń mí, bẹ́ẹ̀ ni àyà tirẹ̀ kéré. Aboyún pẹ̀lú ń jẹ nínú ìyà náà. Ní Ìbàdàn, láàárín ọdún 2013 sí 2015, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago ní Amẹ́ríkà tọ́jú àwọn aboyún 324. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tí ń fi ọtí ethanol jó, wọ́n sì jẹ́ kí apá kejì máa lo igi tàbí kẹrosíìnì wọn bí ti àtẹ̀yìnwá. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ń lo igi tàbí kẹrosíìnì, ó tó mẹ́fà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Nínú àwọn tí ó gba sítóòfù tuntun, kò tó méjì.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ohun tí ọ̀nà èéfín lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ní àwọn òkè San Marcos ní ilẹ̀ Guatemala, láti ọdún 2002 sí 2004, àwọn olùwádìí fi àdògán ọlọ́nà-èéfín sí ìdajì nínú ilé 534, wọ́n sì fi ìdajì kejì sílẹ̀ lórí iná gbalasa kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Èéfín tí àwọn ọmọ mí sínú dín kù tó ìdajì. Òtútù àyà tí ó le dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí a bá ka gbogbo òtútù àyà pọ̀, èyí tí ó le àti èyí tí kò le, ìdínkù rẹ̀ kò hàn gbangba tó láti fi búra. Ní ilẹ̀ Màláwì ẹ̀wẹ̀, níbi tí a ti fi sítóòfù tí kò ní ọ̀nà èéfín dán ọ̀rọ̀ wò láàárín àwọn ọmọdé 10,750, ìròyìn ọdún 2016 fi hàn pé òtútù àyà kò dín kù rárá, nítorí èéfín mìíràn ṣì pọ̀ ní àyíká wọn. Nítorí náà, ẹni tí agbára rẹ̀ ká gáàsì, kí ó lo gáàsì; ó mọ́ ju igi èyíkéyìí lọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a, tí igi sì wà ní oko rẹ̀, àdògán tí a ó ṣàlàyé yìí yóò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, bí ó bá jẹ́ pé kò ní fi ààrò àtijọ́ sílẹ̀ ní igun kejì ilé ìdáná kan náà kí ó máa rú èéfín lọ. Ẹni tí ó ní méjèèjì nínú ilé kò tíì ṣe ohun kan.

Ọgbọ́n fífi amọ̀ yí ààrò ká kì í ṣe ohun àjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn obìnrin ilẹ̀ Burkina Faso kọ́ bí a ti ń po amọ̀ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti koríko gígé, tí wọ́n sì ń fi í mọ odi kúkúrú yí òkúta mẹ́ta ká, kí atẹ́gùn má baà tú iná ká mọ́. Igi tí wọ́n ń sun dín kù, ṣùgbọ́n nítorí pé odi náà kò ní ọ̀nà èéfín, èéfín inú ilé kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò. Àṣìṣe mìíràn ni ti àwọn tí ó mọ àdògán tí ó tóbi jù. Ní Guatemala, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1976, a gbé àdògán ńlá kan kalẹ̀ tí a ń pè ní Lorena, tí a fi amọ̀ àti iyanrìn mọ. Ó lẹ́wà lójú, ó sì ń gbé èéfín jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ̀n ọ́n, a rí i pé amọ̀ tí ó nípọn ń mu ooru kí ìkòkò tó rí i, tí ó fi jẹ́ pé nígbà mìíràn ó ń jẹ igi ju iná gbalasa lọ. Larry Winiarski, ará Amẹ́ríkà, ni ó wá fi hàn ní ọdún 1982 pé kí ohun tí ó yí iná ká fúyẹ́, kí ihò iná sì kéré kí ó sì ga, kí ooru lè gbára jọ sí ojú kan. Lórí ọgbọ́n yìí ni ètò tí ó tẹ̀lé e yìí dúró.

Kí ẹnikẹ́ni tó pò amọ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé ojú sókè wo òrùlé. Bí ilé ìdáná náà bá jẹ́ ti koríko tàbí ti imọ̀ ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ fi ọ̀nà èéfín sí i. Iná òkúta mẹ́ta a máa tú ooru rẹ̀ ká sínú yàrá. Ọ̀pá èéfín a kó ooru jọ, a sì máa tu ìpẹ́pẹ́ iná sókè sí òde, wọn a sì bọ́ sórí koríko gbígbẹ ní àkókò ọyẹ́. Kí onílé kọ́kọ́ fi páànù bo ilé ìdáná náà, ìyókù ilé ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ti koríko, kí ilé ìdáná sì jìnnà sí i. Bí owó páànù kò bá tíì sí, kí ó fi iṣẹ́ yìí dúró di ọdún tí ń bọ̀, kí ó máa dáná ní ìta gbangba títí di ìgbà náà.

Lẹ́yìn òrùlé, kí ó wo ògiri. Ògiri amọ̀ kò ní nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n bí ògiri ẹ̀yìn ààrò bá jẹ́ ti pákó, ti ọparun tàbí ti ẹní, kí a gbé ààrò kúrò níbẹ̀, tàbí kí a mọ ògiri amọ̀ rọ́pò apá náà. Ilé ìdáná pẹ̀lú gbọdọ̀ ní fèrèsé tí kì í dé pátápátá, nítorí ọ̀nà èéfín kò lè fa èéfín jáde bí kò bá sí ibi tí afẹ́fẹ́ tuntun ń gbà wọlé.

Oṣù Ọ̀pẹ títí dé oṣù Èrèlé ni ó dára jù fún iṣẹ́ náà, nígbà tí òjò kò sí tí amọ̀ sì ń yára gbẹ. Amọ̀ òkìtì ikán ni kí a wá. Kò sí oko kan ní agbègbè Ayétòrò tí kò ní i. Kí a fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí a ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò, kí a bù omi sí i kí ó sùn ní òru méjì, kí a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ti amọ̀ ilé. Ìpò méjì ni a ó pò. Èyí tí yóò súnmọ́ iná ni kí ó fúyẹ́: ìwọ̀n amọ̀ kan sí ìwọ̀n ìyẹ̀fun pákó kan láti ibi ìlagi. Nígbà tí iná bá mú un, ìyẹ̀fun pákó náà a jó dànù, a sì fi ihò kéékèèké tí ó kún fún afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nínú amọ̀, ooru kì í sì í rọrùn láti kọjá níbẹ̀. Èyí tí yóò wà ní òde ni kí a fi iyanrìn àti koríko gígé sí, kí ó má baà là. Láti mọ̀ bí ó dára, kí a ká a bí òkèlè, kí a jẹ́ kí ó bọ́ láti ibi orókún sílẹ̀: bí ó bá tú ká, iyanrìn ti pọ̀ jù, bí ó bá tẹ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, omi ti pọ̀ jù, bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ láìfọ́, ó tó.

Kí a má ṣe tu òkúta mẹ́ta náà bí wọ́n bá dúró dáadáa. Àwọn ni yóò di egungun inú àdògán. Òkúta tí ó ti gba iná fún ọdún púpọ̀ láìfọ́ ti fi ara rẹ̀ hàn. Òkúta tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti inú odò lè ní omi nínú, ó sì lè fọ́ gbàù nínú iná kí ó sì ta sí ojú ẹni. Bí àwọn òkúta náà bá kúrú, kí a fi amọ̀ gbé orí wọn ga títí ìdí ìkòkò yóò fi fi ínǹṣì 10 sí 12 ga ju ilẹ̀ iná lọ. Láàárín wọn, kí a fi amọ̀ fífúyẹ́ dí gbogbo àyè, bí kò ṣe ihò kan tí ó dúró ṣánṣán ní àárín, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 5, àti ẹnu iná kan ní iwájú, tí òun náà jẹ́ ínǹṣì 5 ní ìbú àti ní gíga. Ìyá ilé yóò wí pé ẹnu náà kéré. Ó kéré lóòótọ́, ìdí rẹ̀ ni pé kí a má baà lè ki ìtì igi bọ̀ ọ́. Igi tí ó nípọn bí ọmọ orógùn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ni ó fẹ́, kí a sì máa tì í wọlé bí orí rẹ̀ ti ń jó. Kí a fi irin pẹlẹbẹ kan tàbí àpáàdì dá ẹnu náà sí méjì. Igi ń gba òkè rẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi igi dí ìsàlẹ̀ náà yóò rí èéfín rẹ̀.

Kí ògiri àdògán yí gbogbo rẹ̀ ká, kí ó nípọn ní ínǹṣì 4. Nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì tutù, kí a gbé ìkòkò tí ilé náà ń lò jù lé e, kí a rọra yí i sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi wá ibùjókòó ara rẹ̀ nínú amọ̀, tí ìdí rẹ̀ yóò sì jókòó lórí òkúta mẹ́ta náà. Kí àyè tí ó tó ìnípọn ìka kan yí ara ìkòkò ká nínú, kí ọwọ́ iná lè gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kí etí òkè lẹ̀ mọ́ ìkòkò tímọ́tímọ́. Ìkòkò tí ó kéré ju èyí lọ, kí alágbẹ̀dẹ gé òrùka irin pẹlẹbẹ fún un. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ sítóòfù irin tí a ń gbé wá láti òkèèrè ti ń kùnà ní ilé Yorùbá. Wọ́n dára fún síse omi àti ìrẹsì, ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin bá fi agbára ro ọkà láfún, ìkòkò a yí, sítóòfù a mì, omi gbígbóná a sì dà sí ẹsẹ̀. Àdògán tí ó ní òkúta mẹ́ta nínú kò ní irú àléébù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà èéfín ni ó gba sùúrù jù, nítorí ibẹ̀ ni iná ti ń jó ilé. Kí a dá ihò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 4 sí ẹ̀yìn àdògán, lókè, nítòsí ọrùn ìkòkò. Láti ibẹ̀, kí a fi amọ̀ tàbí bíríkì sísun mọ ọ̀nà èéfín gòkè bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ó tó bọ́ sínú páìpù irin. Ó sàn kí páìpù náà gba inú ògiri amọ̀ jáde sí òde, kí ó sì gòkè lẹ́yìn ilé, ju kí ó la òrùlé kọjá lọ. Páìpù tí ó la òrùlé ń jò ní ìgbà òjò, èyí kò tó nǹkan. Ewu rẹ̀ gan-an ni igi tí ó ru páànù. Páìpù irin lásán gbọdọ̀ jìnnà sí igi, pákó, ọparun, aṣọ àti ohunkóhun tí ó lè jó ní ínǹṣì 18, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, ní ìhà gbogbo. Onílé a máa wí pé, "Mo ti fọwọ́ kan igi náà, kò gbóná." Kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé èyí. Igi tí ó wà nítòsí irin gbígbóná fún ọ̀pọ̀ oṣù a máa yí padà díẹ̀díẹ̀, a gbẹ títí dé inú, a dúdú bí èédú, títí di ọjọ́ kan tí ooru tí kò mú un ní ọdún àkọ́kọ́ yóò mú un gbiná, bóyá ní òru.

Ní òde, kí orí páìpù ga ju ibi tí ó ti kọjá òrùlé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ju ohunkóhun tí ó wà nítòsí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Bí kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn tí ó kọlu òrùlé yóò máa ti èéfín padà sínú ilé. Kí a fi fìlà páànù dé e nítorí òjò, kí a sì fi àwọ̀n irin yí abẹ́ fìlà náà ká kí ìpẹ́pẹ́ iná má baà fò jáde. Kí a fi irin dè é mọ́ ògiri kí ìjì oṣù Ẹ̀rẹ̀nà má wó o.

Àwọn ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí. Ìkíní ni ṣìmẹ́ńtì. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ ṣìmẹ́ńtì wà ní Ìbèsè nítòsí, ọ̀pọ̀ ń rò pé ohun tí ó le fún ilé yóò le fún iná. Ṣùgbọ́n ṣìmẹ́ńtì tí iná ń lá a máa là, a sì máa ya lulẹ̀. Ní òde àdògán, kò burú. Nínú ihò iná, rárá. Èkejì ni páànù tí a fi zinc bò, ní ibi tí ó súnmọ́ iná: bí ó bá gbóná gidigidi, zinc náà a máa rú èéfín tí ń fa ibà àti ìrora àyà. Lókè níbi tí ooru ti rọlẹ̀, a lè lò ó. Èkẹta, tí ó burú jù, ni àwókù páànù tàbí páìpù asbestos tí a tú kúrò lára ilé àtijọ́. Eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé e, kí ó má ṣe fọ́ ọ, kí ó má sì fi í ṣe ọ̀nà èéfín.

Lẹ́yìn tí a bá mọ àdògán tán, kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ní abẹ́ ìbòòji kí a tó dá iná sí i, kí iná àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti ewé àti ẹ̀ka tín-ín-rín. Kí a kíyè sí ẹnu iná: bí èéfín bá ń wọ inú lọ, ọ̀nà ṣí, bí ó bá ń padà wá sí ojú ẹni, páìpù kúrú ni, tàbí ó dí, tàbí ìkòkò kò lẹ̀ mọ́ ibùjókòó rẹ̀. Ó dájú pé amọ̀ náà yóò là díẹ̀díẹ̀. Kí a máa fi amọ̀ tútù dí i ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nísisìyí, ọ̀rọ̀ àgbàdo. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbà láti lé èéfín jáde ni àgbàdo tí ó wà ní àjà, wọn kò sì jẹ̀bi. Àgbàdo àkọ́kọ́ ń gbó ní oṣù Agẹmọ àti Ògún, nígbà tí ọ̀rinrin ṣì pọ̀ tí òjò kejì sì ń bọ̀. Bí kò bá sí ooru àti èéfín ààrò, a bu, kòkòrò a sì sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Ẹni tí ó bá mọ àdògán ní oṣù Èrèlé láì ronú nípa èyí yóò rí ìyọnu rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà, yóò sì wó àdògán náà pẹ̀lú ìbínú. Nítorí náà kí ó kọ́ àká kí ó tó mọ àdògán. Ní ilẹ̀ tí ọ̀rinrin pọ̀ bí ti Yewa, àká náà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, kí afẹ́fẹ́ lè là á kọjá. Kí ó gùn bí ó ti wù kí ó gùn, kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ tí a fi páànù dè kí eku má baà gùn ún. Nígbà tí àgbàdo bá gbẹ, kí a yìn ín, kí a sì kó o sínú àpò onípele mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú àpò kan, tí a dì pinpin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ti kọ́kọ́ dán irú àpò yìí wò fún ẹ̀wà, ní nǹkan bí ọdún 1987 sí 1990. Kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ a lo afẹ́fẹ́ tán, a sì kú, láìsí oògùn.

Àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa yóò bu nínú irú àpò bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí a dán an wò. Kí a bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo àti ìwọ̀nba iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò tí ó gbẹ, kí a dé e, kí a sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo ṣì tutù. Bí kò bá lẹ̀, ó tó kó pamọ́. Àwọn kan ń fi oògùn DDVP, tí a ń fi pa aáyán àti ẹ̀fọn, sí àgbàdo àti ẹ̀wà. Májèlé ni fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títà ìgò kéékèèké rẹ̀ ní ọjà, nítorí ìlòkulò rẹ̀.

Èéfín sì tún ń lé ẹ̀fọn; kí àwọ̀n ẹ̀fọn gba ipò rẹ̀.

Igi tútù ni ọ̀tá àdògán. Kí a la igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a tò ó sókè kúrò ní ilẹ̀, kí òrùlé bò ó, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí atẹ́gùn, fún oṣù mẹ́fà bí ó bá ṣeé ṣe. Àyìn àti igi mìíràn tí ó le ń jó pẹ́. Àràbà kò ní láárí. Ṣùkù àgbàdo gbígbẹ dára fún títan iná, bẹ́ẹ̀ sì ni ògùṣọ̀. Ọ̀rá, ike àti igi tí a fi ọ̀dà kùn kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, èéfín wọn ní oró. Kẹrosíìnì tí a dà sórí ẹyin iná ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ọ̀fọ̀.

Bí igi bá tutù, èéfín rẹ̀ a tutù nínú páìpù, a sì di ohun dúdú tí ń lẹ̀ bí ọ̀dà. Bí ó bá pọ̀, ó lè gbiná nínú páìpù fúnra rẹ̀, a sì máa hó bí ìjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi sítóòfù irin sínú ààrò ńlá ti àtijọ́ tí ó wà nínú ògiri, ìdí yìí ni wọ́n fi ń sọ páìpù tóóró sínú ọ̀nà èéfín àtijọ́ tí ó fẹ̀ jù, tí wọ́n sì ń pe agbálẹ̀ ọ̀nà èéfín wá ní ọdọọdún. Ní tiwa, níbi tí a ń dáná lójoojúmọ́, kí a máa gbá páìpù ní oṣooṣù: kí a so ìdì imọ̀ ọ̀pẹ líle mọ́ okùn tí a fi òkúta dè ní ìsàlẹ̀, kí a sọ ọ́ láti òkè, kí a sì fà á lọ fà á bọ̀. Bí páìpù bá ń hó, kí a yọ igi, kí a fi amọ̀ tútù dí ẹnu iná pátápátá, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí a sì má ṣe da omi sí páìpù gbígbóná.

Eérú pẹ̀lú kì í kú bí ojú ti rí i. Ẹyin iná lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú garawa irin tí ó ní ìdérí ni kí a kó o sí, ní ìta, kì í ṣe sórí ààtàn tí ó kún fún ewé gbígbẹ ní ìgbà ọyẹ́. Ní ìgbà ọyẹ́ yìí kan náà, àwọn mìíràn a máa gbé ẹyin iná sínú yàrá nítorí òtútù, wọn a sì ti ilẹ̀kùn. Ẹyin iná kì í rú èéfín tí ojú rí, ṣùgbọ́n ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí a ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Afẹ́fẹ́ yìí ń gba ipò afẹ́fẹ́ ìyè nínú ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀; ẹni tí ó bá sì ti sùn kì í rí àmì kankan. Láti oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2015, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí ó ń fi ilé háyà fi ẹ̀rọ tí ń kígbe nítorí afẹ́fẹ́ yìí sí yàrá tí sítóòfù igi bá wà. Ní ibi tí kò sí ẹ̀rọ, kí iná má ṣe wọ yàrá ìsùn rárá. Bí a bá bá ẹnìkan ní ipò bẹ́ẹ̀, kí a gbé e jáde sí afẹ́fẹ́ tuntun lójú ẹsẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ọmọ, kí a da omi tútù tí ó mọ́ sí ojú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìdúró, kí a bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ara, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn. Epo pupa, ẹyin adìẹ, iyọ̀ àti amọ̀ kò gbọdọ̀ kan ojú iná náà.

Fún ìnáwó àti ìgbéyàwó, nígbà tí ìkòkò ńlá bá jáde, àdògán inú ilé kò ní tó. Kí a to òkúta mẹ́ta mìíràn sí ẹ̀yìnkùlé, jìnnà sí òrùlé, ní apá tí atẹ́gùn kì í ti gbé èéfín padà sí fèrèsé.